Wọ́n Gbọ́, Wọn Ò Tíì Gbà

Ọkùnrin kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, olùkọ́ ni. Ìpamọ́ irè oko ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní: bí a ṣe ń sá àgbàdo, bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀wà ti gbẹ tó, bí a ṣe ń dènà kòkòrò kí ó má baà sọ àpò ẹ̀wà di ìyẹ̀fun. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Kì í pẹ́ dé kíláàsì, kì í sì í tètè bínú. Àléébù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ mọ́ ọn ni pé bí nǹkan bá ti dára lójú rẹ̀, ó máa ń rò pé ó ti dára lójú gbogbo ayé nìyẹn.

Apá kan wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí ó dá lórí oògùn. Hóró kékeré kan ni. Tí wọ́n bá fi í sáàárín àpò ọkà nínú ilé ìkẹ́rù tí a ti dí gbogbo ihò rẹ̀, yóò di atẹ́gùn olóró, yóò sì pa gbogbo kòkòrò tó wà níbẹ̀. Atẹ́gùn yẹn kò mọ kòkòrò yàtọ̀ sí ènìyàn. Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn, tó sì wọlé wàrà, ó lè má jáde mọ́.

Nítorí náà ni ọkùnrin yìí ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ sá sẹ́yìn, ẹ lọ dúró níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹ jẹ́ kí ilé mí dáadáa. Kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, kíkágò ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Àlejò a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ní, “Àgò o!” Kò ní wọlé àfi tí onílé bá ní, “Àgò yà.” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ ṣe sí ilé ọkà.

Ó wá ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan pé ìdílé kan ládùúgbò ọkùnrin yìí ra ẹ̀wà tí alágbàtà kan ti da oògùn yẹn sí láìmọ̀ ọ́n lò. Wọ́n jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń kó wọn lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run yọ wọ́n, gbogbo wọn ló padà sílé. Àmọ́ ọkùnrin yìí lọ kí wọn, ó rí ìyá àgbà ilé náà níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ojú rẹ̀ ti wọnú, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọ eegun. Ó búra pé òun kò ní fi ẹnu òun kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni nípa oògùn yẹn mọ́ láé.

Àpò tuntun kan sì ti jáde nígbà náà, tí ọ̀rá tó nípọn wà nínú rẹ̀. Tí a bá kó ẹ̀wà gbígbẹ sí i, tí a so ó pinpin, kòkòrò kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, wọn yóò kú fúnra wọn. Kò sí oògùn, kò sí ewu. Ọkùnrin wa ní òun yóò yọ oògùn kúrò nínú ẹ̀kọ́ òun pátápátá, àpò yìí ni òun yóò fi dípò rẹ̀. Ta ni yóò sọ pé kò ronú dáadáa? Èmi gan-an ìbá pàtẹ́wọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe ilé ẹnì kan. Ẹni tó bá fẹ́ yí ẹ̀kọ́ padà níbẹ̀, iwájú àwọn ará ẹ̀ka rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé e wá. Bí wọ́n bá gbà, yóò lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́, níbi tí gbogbo ẹ̀ka yòókù ti ní aṣojú. Bí àwọn yẹn náà bá gbà, yóò dé iwájú ìgbìmọ̀ àgbà, níbi tí ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ ń jókòó. Ìgbà tí wọ́n bá gbà níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó di tuntun. Ọ̀nà náà gùn, kí a má purọ́. Àwọn olùkọ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí o tó fi gbólóhùn kan kún ẹ̀kọ́ rẹ, ọmọ tí o fẹ́ fi kọ́ yóò ti fẹ́yàwó, yóò ti bímọ.

Alága ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ jẹ́ bàbá kan tí kì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀. Ó ní ìbéèrè kan tí kì í yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun yòówù tí wọ́n bá gbé wá, yóò wo yíká tábìlì, yóò ní, “Ta ló ń pọnmi nísàlẹ̀ odò yìí?” Ohun tó ń béèrè ni pé, ta ni nínú yín tí ẹ̀kọ́ tirẹ̀ gbára lé èyí tí a fẹ́ yí padà. Wọ́n ti fi ìbéèrè náà sọ ọ́ lórúkọ. Bí wọ́n bá rí i lókèèrè, wọn a ní, “Ìsàlẹ̀ Odò ń bọ̀ o.” Ó mọ̀, kò sì bìkítà.

Ọkùnrin wa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síwájú ẹ̀ka. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó sọ ti ìyá àgbà yẹn, ó sì gbé àpò náà wá kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ẹ̀ka, bàbá arúgbó kan tí ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìntì, yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, “A ti gbọ́. O kú iṣẹ́ o.” Ni wọ́n bá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá tó bàjẹ́.

Ọkùnrin náà jáde, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í pé báwo ni. Ó ní, “Wọ́n ti gbà o!”

O ń rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí o rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ “a ti gbọ́”? Bí o bá lọ tọrọ ọmọ, tí bàbá ọmọ ní “a ti gbọ́”, ṣé o máa gbé ọmọ náà sẹ́yìn ọ̀kadà lọ́jọ́ náà ni? O máa dọ̀bálẹ̀, o máa dìde, o máa lọ sílé lọ dúró ni. “A ti gbọ́” ni àgbà máa ń sọ nígbà tí kò bá fẹ́ já ọ kulẹ̀ lójú àwùjọ, tàbí nígbà tó bá ṣì fẹ́ ronú, tàbí nígbà tí ebi bá ń pa á. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn bá ti fẹ́, etí kì í bá a jiyàn.

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, àpò ni ó kọ́ àwọn ọmọ. Kò mẹ́nu ba oògùn. Ó yọ oògùn, kíkágò sì bá a lọ, nítorí inú ẹ̀kọ́ oògùn ni kíkágò wà. Kò tilẹ̀ fura pé òun ti yọ nǹkan méjì. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà púpọ̀. Wọ́n so ẹ̀wà mọ́nú àpò, wọ́n tú u nígbà tí sáà fẹ́ parí, ẹ̀wà ń dán, kò sí ihò lára rẹ̀. Inú wọn dùn, inú rẹ̀ náà dùn, ó sì gbé wọn kọjá sí ọdún kejì.

Obìnrin kan ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ilé ọkà ńlá tó wà lẹ́yìn ọgbà. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì a máa fi hóró oògùn sí i, wọn a dí i pa. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, àwọn ọmọ ọdún kejì ni wọ́n máa ń ṣí i lójú obìnrin náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Obìnrin náà kì í tún kíkágò kọ́ wọn, torí ó mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ ọ tán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òun. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nǹkan kan ti yí padà.

Ọjọ́ tí wọn yóò ṣí ilé náà pé. Atẹ́gùn olóró kún inú rẹ̀ bámúbámú, kò sì sẹ́ni tó lè fojú rí i. Àwọn ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń ṣàwàdà. Obìnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ lé olórí kíláàsì lọ́wọ́, ọmọbìnrin gíga kan tí ara rẹ̀ yá gágá. Òun fúnra rẹ̀ kọrí sí abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Bí ó ti ń lọ, ó béèrè ohun tó máa ń béèrè lọ́dọọdún, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, “Ṣé ẹ ti kágò?”

Láwọn ọdún tó ti kọjá, bí ó bá ti béèrè bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ a máa ka ìlànà náà fún un bí ẹni ń ké oríkì: ẹ ṣí i, ẹ sá sẹ́yìn, ẹ dúró. Lọ́jọ́ yìí, gbogbo wọn pariwo pọ̀, wọ́n ní, “Àgò oooo!” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwọn ọmọ ń bá òun ṣeré. Ó rìn síwájú díẹ̀ sí i. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sá sẹ́yìn. Ó yíjú padà. Gbogbo wọn ti rọ̀gbà yí ilẹ̀kùn ká, wọ́n ń yọ ọrùn bí ẹni fẹ́ wo ìyàwó tuntun, ọmọbìnrin náà sì ti ki kọ́kọ́rọ́ bọnú ihò rẹ̀.

“Ẹ dúró! Yọwọ́ ẹ! Yọwọ́ ẹ níbẹ̀!”

Àwọn tó ń tulẹ̀ lókè oko gbọ́ igbe náà. Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Obìnrin náà sáré dé, ó gbá wọn sẹ́yìn, ó mú kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ni kíkágò?”

Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kì í ṣe kéèyàn kí onílé ni?”

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tòun ti aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń bú ẹni tí kò tíì mọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo wọn pé. Kò sẹ́ni tó fara pa. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ wúkọ́.

Láti ibẹ̀, ọ́fíìsì ọkùnrin wa ni ó gbà lọ. Ó ní, “Àbúrò, ta ló ní kó o yọ kíkágò?”

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò yọ kíkágò. Oògùn ni mo yọ.”

“Inú kí ni kíkágò wà?”

Ọkùnrin náà ní, “Ẹ̀ka ti gbà á. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.”

“Wọ́n gbọ́ ni, àbí wọ́n gbà?”

Obìnrin náà wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkà fún un. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọkùnrin náà fi dìde, tó sáré jáde. Ilé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, wọ́n ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin gíga yẹn gun orí àga, ó ń sín olùkọ́ wọn jẹ: “Yọwọ́ ẹ níbẹ̀!” Gbogbo tábìlì ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà fara ti ògiri. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ariwo tó máa ń bí òun nínú tẹ́lẹ̀ ni ariwo yẹn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà òun kò fẹ́ kí ó dákẹ́.

Wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́. Ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Olùkọ́ ni èmi náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, mo sì wà níbẹ̀, ẹ̀ka tiwa ni mo ṣojú fún. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, kò fi ìkankan pamọ́. Alága kọjú sí ọ̀gá ẹ̀ka, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ gbà fún un?”

“Mo ní a ti gbọ́.”

“Kí lẹ wá ní lọ́kàn?”

Bàbá arúgbó náà họrí. “Ó wà lọ́kàn mi pé kó padà wá ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Mo ń retí ẹ̀. Nígbà tí mi ò rí i, mo ní bóyá ó ti jáwọ́ ńbẹ̀.”

Ọkùnrin náà ní, “Ẹ foríjì mí sà. Èmi náà rò pé tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ máa sọ fún mi.”

Àwa tó kù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n alága kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì ń retí ara yín, ọmọ ọlọ́mọ sì ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn.” Ó wá wo ọkùnrin náà. “Ìwọ, o kágò, o ò dúró gbọ́ àgò yà. Ohun tí àwọn ọmọ yẹn fẹ́ ṣe gan-an lo ti ṣe ṣáájú wọn. Dìde nílẹ̀. A ò ní lé ọ. Gbé ẹ̀kọ́ náà wá, ká wò ó bó ṣe yẹ ká ti wò ó.”

Wọ́n gbé e sórí tábìlì. Alága wo yíká, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀. Obìnrin olùkọ́ ọdún kejì náwọ́, a retí ìyẹn. Ṣùgbọ́n aṣojú àwọn tó ń kọ́ni nípa adìẹ náà náwọ́. Ó ní àwọn ọmọ tòun náà máa ń ṣí ilé tí wọ́n ń kó oúnjẹ adìẹ sí, wọn a sì máa fi oògùn kan náà sí i. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó rò ó. Ṣé o rí i, bí obìnrin yẹn tilẹ̀ ti fi igbe dá àwọn ọmọ dúró, ilẹ̀kùn mìíràn ṣì wà níwájú tí a kò mọ̀.

Wọ́n sọ ọ́ títí. Àpò dúró nínú ẹ̀kọ́, gbogbo ènìyàn ló yìn ín. Oògùn kúrò ní ọdún kìíní, ó bọ́ sọ́wọ́ obìnrin náà. Kíkágò ni wọ́n ní kó jẹ́ ohun tí gbogbo ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ kankan, àwọn aládìẹ náà kò gbẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ náà wá dára ju bí ọkùnrin náà ti gbé e wá lọ. Ìjókòó tí ó ti fò dá, ìrọ̀lẹ́ kan péré ni ó gbà wọ́n.

Alága ní, “A gbà á. Ó di ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àgbà.” Ọkùnrin náà kò jókòó. Alága ní, “Kí ló tún kù?”

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbọ́ lẹ ní ni, àbí gbà?”

Ẹ̀rín sọ. Alága tí kì í rẹ́rìn-ín fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọ̀gá ẹ̀ka ló dá a lóhùn, ó ní, “Gbà ni, ọmọ mi. Gbà! Jókòó, jàre.” Wọ́n ní nígbà tí ìgbìmọ̀ àgbà náà fọwọ́ sí i, ó tún béèrè lọ́wọ́ wọn bákan náà, níwájú ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Obìnrin náà kọ́ àwọn ọmọ ní kíkágò lábẹ́ igi dóńgóyárò, títí tí wọ́n fi lè sọ ọ́ lójú oorun. Lẹ́yìn náà ni ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọmọbìnrin gíga yẹn. Wọ́n ṣí ilé náà, wọ́n sá sẹ́yìn, wọ́n dúró. Ọkùnrin wa dúró láàárín wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ fi hàn pé ilé ti mọ́, wọ́n wọlé, wọ́n gbé ọkà jáde, wọ́n ń kọrin.

Ọládèjọ, o ti jókòó síbí láti àárọ̀, o ń sọ fún mi pé o fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ n’Íbàdàn, kí ẹ kó lọ sí Ṣakí lọ dáko. Mo bi ọ́ pé kí ni ìyàwó rẹ sọ, o ní ó ti gbà. Mo ní kí o sọ ọ́ fún mi bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an. O ní ó ń lọ aṣọ iléèwé ọmọ, kò gbójú sókè, ó ní, “Mo ti gbọ́, Bàbá Fọlárìn.” Ẹ̀n-ẹ́n.

Èrò rẹ lè dára. Mi ò sọ pé kò dára. Ìwọ lo mọ oko tí o fẹ́ dá, ṣùgbọ́n òun ló mọ iléèwé tí àwọn ọmọ máa lọ, òun ló mọ bí ìyá rẹ̀ tó ń tọ́jú ní Mọ́kọ́lá yóò ṣe máa jẹun tí ẹ bá ti lọ. Inú mi dùn, mo sọ ọ́ gbangba, inú mi dùn gan-an pé ọ̀dọ̀ mi lo kọ́kọ́ yà sí kí o tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́. Nǹkan kan ò tíì bàjẹ́. Dìde, máa lọ sílé. Má wulẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un, ó ti gbọ́. Bi í ni kí o bi í. Tí o bá bi í tán, pa ẹnu rẹ mọ́, kódà bó bá pẹ́ kó tó dáhùn. Obìnrin tó ní òun ti gbọ́, ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Jẹ́ kó sọ ọ́.